Ojú Òjòwú Lọ́jọ́ Ìtúdè

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Ìró kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kò sí ní ìlú yìí mọ́, àfi kí n fi ẹnu ṣe é fún yín: gbìm. Bí ẹni gbé àpò ẹ̀lùbọ́ sílẹ̀ lórí amọ̀ tútù. Ìró ilẹ̀kùn mọ́tò ni. Kì í ṣe ti mọ́tò tuntun o. Ti èyí tó ti dípẹtà, tó ti wọ́, tí wọ́n wá nà títí tó fi padà dúró bí ọmọlúàbí.

Iṣẹ́ panẹ́ẹ̀bítà ni mo fi ìgbà èwe mi ṣe, níbí yìí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ibi tí ẹ ti ń ra omi inú ọ̀rá lónìí, ibẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, Ògúndélé. Kí oòrùn tó yọ dáadáa ni òòlù wa ti ń dún. Ìyá mi kì í wo aago. Tó bá ti gbọ́ òòlù àkọ́kọ́, á gbé omi ẹ̀kọ kaná. Tí òòlù bá dákẹ́ lọ́sàn-án, á mọ̀ pé àkókò ìrun ti tó. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, òòlù kò gbọdọ̀ dún rárá. Ọ̀gá mi àti àwọn abọ̀gún á kó irinṣẹ́ jọ, wọ́n á ṣe tiwọn. Àwa Mùsùlùmí á jókòó lábẹ́ igi, a ó máa jẹ àgbàdo sísun, ọ̀gá á sì ní kí àlùfáà àdúgbò wá ṣàdúà fún àwa náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò rí tòun gbà. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ọwọ́ kì í rí oorun sùn. Ìdákẹ́jẹ́ ti pọ̀ jù fún wọn.

Nísinsìnyí, ṣé ẹ mọ̀ pé ara gbogbo mọ́tò kọ́ ló rí bákan náà? Lọ́rì ní ṣáásì, irin gbọọrọ tó nà lábẹ́ rẹ̀. Bí ara lọ́rì bá jẹrà tán, ṣáásì ṣì wà níbẹ̀ tó ń rù ú. Ṣùgbọ́n mọ́tò kékeré, èyí tí àwọn ọlọ́lá ìgbà náà ń gùn, kò ní ṣáásì. Ara rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀. Irin tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, tí ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ẹ tó wọlé, òun gan-an ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ibẹ̀ sì ni ìpẹtà fẹ́ràn jù. Tí ẹ bá kàn gbé ayùn ti irin yẹn láìṣe ètò, ikùn mọ́tò á sọ̀ sílẹ̀, á ká bí ẹní. Ẹ lè fi iná jó irin tuntun mọ́ ọn títí di ọ̀la, ẹ kàn jó o mọ́ wíwọ́ ni.

Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú. A ó fi igi àti àpò yanrìn gbé ikùn rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, títí àlàfo etí ilẹ̀kùn á fi dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó dè é. A ó jó irin mọ́ ọn nínú, láti òpó dé òpó, láti igun dé igun, débi pé tí ẹ bá yọ orí wọlé, ẹ ó rò pé ẹ̀wọ̀n ni. Èyí tó bá ṣì wọ́, a ó so ó mọ́ igi igbá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, igi tí àwọn ìyá wa ń ká èso rẹ̀ ṣe irú. Ṣéènì á nà, irin á máa ké, ọ̀gá á máa fi ọwọ́ kan mọ́tò lára bí ẹni ń tọ́jú aboyún. "Ó tó. Ó tó! Ẹ jẹ́ kó sinmi." Ojú ọgbẹ́ ṣéènì wà lára igi yẹn títí wọ́n fi gé e.

Tí a bá ti wá gé gbogbo ibi tó jẹrà, tí a ti jó tuntun sí i, ó ku ìtúdè. Ẹ̀yin ò mọ ìtúdè. Ọjọ́ tí a ó gé àwọn irin inú yẹn kúrò ni, tí mọ́tò á dá ara rẹ̀ gbé. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà wá. Nítorí ìgbà tí irin bá ṣì dè é, kò sí mọ́tò tó wọ́; ìgbà tí wọ́n bá tú u ni òótọ́ tó dé.

Àṣà kan wá wà tí ẹ ò ní rí níbòmíràn. Ẹni tó ṣe mọ́tò kọ́ ló ń kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ ìtúdè. Ọ̀gá Ògúndélé máa ń sọ fún àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé èmi tí mo fẹ́ràn yín ni kí n wá gbọ́ ọ? Etí mi á tàn mí jẹ. Ẹ lọ pe ẹni tí inú rẹ̀ máa dùn tó bá wọ́." Wọ́n á ránṣẹ́ sí òjòwú wọn, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó ń du oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́. Òun ni á wá ti ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í ní ìbéèrè kankan. Ojú rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò. Tí ojú rẹ̀ bá tàn, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ó dára gan-an ni," áà, a ti gbé. Ìró kan ti ta á létí tí àwa kò gbọ́. A ó padà lọ gbé irin, a ó tún un dè. Ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ bá ṣú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa, "Ọ̀lẹ ni gbogbo yín, mọ́tò yín rí bí ìgbẹ́ ewúrẹ́," a ó bú sẹ́rìn-ín, olówó mọ́tò á fò sókè, kọ́kọ́rọ́ á bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà àtijọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ti máa gbàdúrà pé kí òjòwú bú mọ́tò àwọn.

Ọkùnrin kan ní Ìkòyí-Ilé kò ní sùúrù. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní òun kò lè dúró de òjòwú kankan. Ṣọ́ọ̀bù kan, kì í ṣe tiwa, tú mọ́tò rẹ̀, wọ́n fún un. Kò tíì dé ibi ìgbéyàwó tí ikùn mọ́tò fi sọ̀, ilẹ̀kùn há, kò ṣí. Ojú fèrèsé ni bàbá ìyàwó gbà jáde, tòun ti agbádá ńlá, fìlà ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, orí ló tẹ̀ lé e. Àwọn onílù rí i, wọ́n lù ú sí i. Títí ó fi kú ni wọ́n ń pè é ní Bàbá Ojú-Fèrèsé.

Òjòwú tèmi ni Rájí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Lọ́dọ̀ Ògúndélé ni àwa méjèèjì ti kọ́ṣẹ́, orí ẹní kan náà la sùn. Nígbà tí a gbòmìnira, ó padà sílé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Igbó. Èmi jogún ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá àti igi igbá níbí. Láti ìgbà náà, òun ló ń ti ilẹ̀kùn mi, èmi ni mo ń ti tirẹ̀. Mo máa ń gba ojú ọ̀nà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ayọ̀, mo máa ń bú u títí n ó fi padà dé Ọ̀yọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọwọ́ Rájí dáa ju tèmi lọ. Kò ju bíńtín lọ. Bíńtín yẹn ti jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Èmi ń fi òòlù wá ibi tó wọ́, òun kàn máa ń gbé ọwọ́ lé e ni.

Mo ń jowú ẹ̀yin náà, ẹ má rò pé mo yọ yín sílẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ ìwòyí lójú ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n ní ẹ̀rọ gbọọrọ kan bí ibùsùn. Wọ́n gbé mọ́tò lé e, wọ́n tẹ bọ́tìnì, iná pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ń wọn igun rẹ̀, kọ̀ǹpútà ń sọ ibi tó wọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń fà á. Ọmọ náà gbé tíì dání, kò tilẹ̀ làágùn! Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó tọ́ ṣánṣán, mo wo èjìká tèmi yìí tí kò ṣe é gbé sókè mọ́, mo kàn ṣe bí ẹni tí eruku wọ̀ lójú, mo bá tèmi lọ. Wọ́n tú mọ́tò yẹn, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń kọ ọ́ sórí fóònù pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá, ó dára gan-an ni." Ara mi bù máṣọ. Ní ìgbà tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú wa tún mọ́tò dè.

Mọ́tò Àlàájà Sàlámátù ni mo fẹ́ sọ gan-an. Àlàájà ń ta aṣọ òkè ní àdúgbò yìí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí mo rí tó ń wa mọ́tò fúnra rẹ̀, mọ́tò aláwọ̀ ewé, ó máa ń fọn fèrè rẹ̀ kí wa tó bá ń kọjá. Nígbà tó kú, wọ́n gbé mọ́tò náà sábẹ́ máńgòrò, ní ọ̀kánkán ilé mi. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, ewé máńgòrò ń jẹrà lé e lórí. Àràárọ̀ ni mo ń jókòó ní ìloro tí mò ń wò ó. Mo ti ṣe é tán nínú orí mi. Mo mọ ibi tí irin àkọ́kọ́ máa gbà. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan wá bẹ̀ mí.

Ọjọ́ kan ni ọmọ Àlàájà, Múínátù, dé. Olùkọ́ ni, ó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ kí mọ́tò ìyá òun tún rìn, kí òun máa fi gbé àwọn ọmọ òun lọ sí ilé-ìwé, bí ìyá òun ṣe fi gbé òun. Inú mi dùn, mo gbé àga fún un. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ tó máa gbé e ń bọ̀. Ṣé ẹ lè bá wa sọ fún wọn kí wọ́n má gbé e lé ẹ̀gbẹ́ tó jẹrà?"

"Tó máa gbé e lọ síbo?"

"Ọjà Igbó, sà. Lọ́dọ̀ Bàbá Rájí."

Mo ní, "Èmi tí mo wà níbí ńkọ́?"

Ojú tì í. "Wọ́n ní ẹ ti fẹ̀yìn tì, sà. Wọ́n ní èjìká yín..."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyàwó mi dáhùn láti inú ilé, "Èmi ni mo sọ ọ́. Àná ni mo fi òróró pa á!"

Wọ́n gbé e kọjá níwájú mi. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń lu ara rẹ̀ lórí ọkọ̀ yẹn, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, títí wọ́n fi yà. N kò lè jẹun ọ̀sán.

Mo ṣe sùúrù, mo ṣe sùúrù, sùúrù tán. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ ra iṣu ní Ọjà Igbó. Ó ní, "Bàbá Sìkírá, ṣé iṣu ti tán ní Ọ̀yọ́ ni?" Mo gbé àpò mi, mo jáde. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù Rájí, ó jókòó sórí táyà, tapólì bo mọ́tò náà mọ́lẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Mo tún kí i. Ó gbé ojú sókè.

"Ará Ọ̀yọ́! Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

"Iṣu ni mo wá rà."

"Ṣé iṣu ni èmi? Má gbé ọwọ́ lé tapólì yẹn o. Kò tíì di ìtúdè."

"Mo kàn ní kí n yọjú wò ó ni. Ṣé o gbé ikùn rẹ̀ sókè kí o tó dè é?"

Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ń fọ eruku lára òòlù rẹ̀ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ kọjá. Mo rò ó nínú ara mi pé ìgbéraga ọkùnrin yìí ti wá kọjá àlà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́, mo yọjú wo ìsàlẹ̀ tapólì. Mo rí àpò yanrìn. Mo rí igi. Mo rí ilẹ̀ tó gbá tó tẹ́ bí ojú tábìlì. Kò sí ohun tí èmi ì bá ṣe tí kò ṣe. Mo ra iṣu tí n kò nílò, mo gbé e padà sí Ọ̀yọ́.

Ìpè dé lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀. Múínátù ló pè mí. "Bàbá, Bàbá Rájí ní kí ẹ jọ̀ọ́ wá ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní tí ẹ ò bá wá, àwọn ò ní fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Àwọn èèyàn ìwòyí kò mọ àṣà yẹn mọ́. N kò ṣàlàyé fún un. Mo fọ ẹsẹ̀ mi, mo wọ dàńṣíkí tuntun, mo ń kọrin nínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé àgbà ti dé sí Rájí, bó ti dé sí mi. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í jó irin dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ wọ́ níbì kan. Mo ti pinnu pé tó bá wọ́, màá rẹ́rìn-ín tí gbogbo Ọjà Igbó á gbọ́.

Wọ́n ti ká tapólì kúrò. Àwọ̀ ewé yẹn ń dán. Àwọn irin inú wà lórí ilẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti gé wọn ṣì pọ́n. Múínátù dúró, ó fi ọwọ́ di ọwọ́. Rájí kò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí a ṣe máa ń ṣe. Ó gbé táyà rẹ̀ wá sí iwájú mi gan-an, ó jókòó, ó gbé ojú lé mi.

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Kò ké. Mo jẹ́ kó padà fúnra rẹ̀.

Gbìm.

Mo tún ṣí i. Mo fi ìka kékeré kan ṣoṣo tì í. Gbìm. Mo bọ́ sí òdìkejì, mo ti tẹ̀yìn, mo ti tiwájú. Mo fẹ́ kí ìró kékeré kan sá jáde, ìró bí ẹyọ yanrìn lásán. Kò sí. Mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú dàńṣíkí tuntun, mo wo abẹ́ rẹ̀. Ibi tó jó irin mọ́ra rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun tí wọ́n dì fún ọmọ tuntun. Ẹni tó dàgbà tó mi ni, èjìká tirẹ̀ ṣì ń gbé òòlù! Ohun gbígbóná kan gun àyà mi bọ̀.

Ẹnu mi ì bá ti purọ́, ẹ gbọ́. Ì bá rọrùn fún mi láti ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ó dára gan-an ni," wọn ì bá tún mọ́tò yẹn dè, Rájí ì bá fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ wá ohun tí kò sọnù. Mo tilẹ̀ ti ya ẹnu. Ṣùgbọ́n ojú mi ti ṣáájú mi. Rájí nà lulẹ̀ lórí táyà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Ó ti ṣú! Ẹ wo ojú rẹ̀, ó ṣú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò!"

Múínátù fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò dáa ni?"

Mo ní, "Olè ni ọkùnrin yìí. Ẹran ni. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi àkókò rẹ̀ ṣòfò!"

Rájí na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Gbà, ọmọ mi. Kó àwọn ọmọ rẹ sí i, máa lọ."

Mo yíjú sí i. "Kí ló dé tí ìwọ fúnra rẹ kò gbọ́ ọ? Kí ló dé tí o gbé ìjókòó wá sí ojú mi?"

Ó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ló tó yé mi. Ó fi ìka kan etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òòlù ti kó wọn lọ. Ó ti pẹ́. N kò gbọ́ ilẹ̀kùn kankan mọ́, ará Ọ̀yọ́. Àmọ́ ojú rẹ ṣì wà. Má tètè kú o."

Ẹ ò rí i bí? Kò gbọ́ nǹkan kan, ó fi ọwọ́ nìkan ṣe é, ó sì tún ju tèmi lọ. Owú tó mú mi tẹ́lẹ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Múínátù ní òun á gbé mi dé ilé, kí òun sì fi mọ́tò náà han ibi tí ìyá òun ti ń gùn ún. Mo jókòó síwájú. Ọ̀nà kò dáa níbì kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, a bọ́ sí kòtò tó jìn. Mo tẹ́tí. Kò sí ohun tó ké. Múínátù ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọn fèrè kí gbogbo ẹni tó bá rí, bí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà mi, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn rọra. Mo rọra tì í gan-an ni. Gbìm.

Òòlù tó ń dún lójúmọ́ ní àdúgbò yìí ti kọ́ ìyàwó mi náà ní ìró. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú ilé, ó dùn, ó kún fún ìyanu:

"Bàbá Sìkírá! Ilẹ̀kùn rere wo nìyẹn? Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é ni?"

Mo wọlé. Mo ní kí ó gbé òróró wá, kó fi pa mí ní èjìká.